Òfin Ilé Kíkọ́ Ti Ìlú Ńlá: Ó Ha Yẹ Àwọn Abúlé Bí?

Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró tí iṣẹ́ oko sì dẹwọ́ díẹ̀, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbẹ̀ a máa múra láti kọ́ ilé, tàbí láti tún èyí tí ó ti ń wó ṣe. Ọ̀nà oko ti gbẹ, ọkọ̀ tí ó kó páànù lè dé ẹnu ọ̀nà, owó kòkó tàbí ti iṣu sì ti wà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ òní, kì í ṣe ọ̀rọ̀ amọ̀ àti ti owó nìkan ni ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé yóò rò. Bí abúlé rẹ̀ bá wà lẹ́bàá ọ̀nà ńlá, tàbí bí ìlú bá ń gbòòrò bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú lè wá béèrè àwòrán ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì wọn àyè tí ó fi sílẹ̀ níwájú, lẹ́yìn, àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ìwọ̀n kò bá pé, wọn a fi ọ̀dà pupa kọ àmì sí ara ògiri, ẹni tí ó fi ọdún mẹ́ta tọ́jú owó ilé a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá sókè sá sódò.

Àwọn àgbàlagbà kan a máa wí pé ìyọnu lásán ni, nítorí pé àwọn baba wọn kọ́ ilé láìbi awọnlẹ̀ léèrè. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti gbé Èkó tàbí Ìbàdàn a sì máa wí pé ohunkóhun tí ìlú ńlá bá ń ṣe ni abúlé pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ṣe, bí ó bá fẹ́ lajú. Kò sí èyí tí ó tọ̀nà tán nínú méjèèjì. Ìlànà ìkọ́lé dàbí oògùn: àrùn kan ni a tìtorí rẹ̀ pò ó. Ẹni tí kò bá mọ àrùn náà kò lè mọ̀ bí ó bá yẹ kí òun lò ó, tàbí bí ìwọ̀n tí a fún un bá ti pọ̀ jù. Nítorí náà ó dára kí a tọpasẹ̀ àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí dé ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wọn ti ṣẹ̀ wá. Ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ àti ti irin ń pọ̀ sí i níbẹ̀, àwọn ará ìgbèríko ya wọ àwọn ìlú bí Manchester, Leeds àti Liverpool láti wá iṣẹ́. Àwọn tí ó ń kọ́ ilé fún wọn kọ́ ọ kí ẹ̀yìn ilé kan lè fara mọ́ ẹ̀yìn ilé kejì, ògiri kan ṣoṣo ni ó sì wà láàrin méjèèjì, tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fi lè gba inú ilé kọjá. Ìdílé púpọ̀ a máa lo ilé ìgbẹ́ kan, ẹ̀gbin a sì máa ṣàn gba ojúde. Àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1831, ó tún padà ní 1848, ní 1853 àti ní 1866, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sì bá a lọ. Ìyọnu wọ̀nyí ni ó mú kí ìjọba ṣe Òfin Ìlera Gbogbo Ènìyàn ti 1875, tí ó mú agbára àwọn ìgbìmọ̀ ìlú lórí ilé kíkọ́ le sí i. Ní 1877 ni a tẹ àpẹẹrẹ irú òfin bẹ́ẹ̀ jáde, kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan lè rí ohun tí yóò wò kọ tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ náà sọ pé ọ̀nà tuntun tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin yóò máa gbà kò gbọdọ̀ dín ní ẹsẹ̀ bàtà 36 ní ìbú. Pé àyè tí kò ní òrùlé gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ilé kọ̀ọ̀kan. Pé fèrèsé yàrá gbọ́dọ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ yàrá náà. Pé ògiri gbọ́dọ̀ jẹ́ ti bíríkì tàbí òkúta tàbí ohun mìíràn tí iná kò lè jó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní ìdí. Àyè ẹ̀yìn ilé ni ó fi òpin sí ilé tí kò ní afẹ́fẹ́. Bíríkì ni ó ń dá iná dúró ní òpópó tí ilé ti fara kan ilé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sì tí ì gbàgbé iná tí ó jó Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1666. Ní àwọn ìlú ńlá, òfin wọ̀nyí ṣe rere púpọ̀, àwọn ilé tí a sì kọ́ nípa wọn wà níbẹ̀ títí di òní tí ènìyàn ń gbé inú wọn.

Ìgbà tí wọ́n jáde kúrò ní ìlú ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ìgbèríko púpọ̀ mú ìwé ìlú ńlá náà, wọ́n sì fi í lélẹ̀ fún àwọn abúlé wọn bí wọ́n ti bá a. Ní Essex àti Kent, àwọn ènìyàn ti ń fi pákó bo ògiri ilé fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, púpọ̀ nínú ilé bẹ́ẹ̀ sì dá dúró ní àárín pápá, níbi tí iná wọn kò lè ràn mọ́ ilé ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ òfin tí a ṣe nítorí òpópó ìlú sọ pé a kò gbọdọ̀ fi pákó kọ́ ògiri mọ́. Àwọn ọ̀nà kan wà tí kẹ̀kẹ́ méjì kì í pàdé lórí wọn láàárọ̀ dé alẹ́, tí ìwé sì ń béèrè ìbú ọ̀nà Manchester fún wọn.

Bíríkì wọ́n, alágbàṣe oko kò sì lówó. Nǹkan bí ṣílè 3 ni púpọ̀ nínú wọn lè san ní ọ̀sẹ̀ fún ilé gbígbé, èyí tí kò pé £8 ní ọdún. Ẹni tí ó bá kọ́ ilé tí owó rẹ̀ ju £150 lọ kò lè rí èrè kankan nínú irú owó ilé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà àwọn onílẹ̀ dẹ́kun àti máa kọ́ ilé fún àwọn alágbàṣe wọn. Àwọn ògbólógbòó ilé ń jìn, àwọn ọ̀dọ́ sì ń ṣí lọ sí ìlú, ibẹ̀ gan-an tí òfin náà ti jáde wá. Òfin tí a ṣe kí ènìyàn má ba à gbé inú ilé burúkú di ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n rí ilé gbé rárá. Ní 1901 ìjọba tẹ àpẹẹrẹ mìíràn jáde fún ìgbèríko nìkan, èyí tí ó rọrùn ju ti ìṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ púpọ̀ kò yí tiwọn padà, nítorí pé ìwé tí ó ti wà nílẹ̀ ni ó rọrùn fún akọ̀wé láti máa tẹ̀ lé. Bí ó ti máa ń rí ní ibi gbogbo nìyẹn.

Ẹni tí ó ta àwọn ènìyàn jí sí ọ̀rọ̀ yìí ni J. St Loe Strachey, olóòtú ìwé ìròyìn The Spectator. Ní 1904 ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ní gbangba pé, Ta ni lè kọ́ ilé alágbàṣe tí ó dára ní £150? Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1905 a dáhùn ìbéèrè náà pẹ̀lú ilé gidi. Ní Letchworth, ìlú tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ dó ní ìhà àríwá Lọ́ńdọ́ọ̀nù, àwọn ayàwòrán ilé àti àwọn kọ́lékọ́lé kọ́ ilé tí ó lé ní 100, ti pákó, ti bíríkì, ti irin, àti ti kọnkéré. Onímọ̀ ẹ̀rọ ìlú Liverpool, John Brodie, mú ògiri kọnkéré tí a ti mọ sílẹ̀ wá, ó sì tò wọ́n bí ẹni ń to àpótí. Nǹkan bí 60,000 ènìyàn ni ó lọ wò ó. Gbogbo ilé náà kọ́ ni ó dára; òmíràn a máa jò, owó òmíràn sì kọjá ohun tí ẹni tí ó kọ́ ọ wí. Ṣùgbọ́n ó hàn sí gbogbo ènìyàn pé ilé onípákó tí ó ní fèrèsé tí ó tó, tí ó sì jìnnà sí ilé kejì, lè mú ìlera bá ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ bí ti bíríkì, ní owó tí ó kéré.

Ìwọ̀n kan tún wà tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò dáradára. Ní 1918, bí ogun àgbáyé kìíní ti ń parí lọ, ìgbìmọ̀ kan tí Tudor Walters ṣe olórí rẹ̀ dá a ní àbá pé kí ilé tí ó bá kọjú sí ara wọn jìnnà sí ara wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 70. Kí ni ìdí rẹ̀? Oòrùn ni. Ní ìgbà òtútù oòrùn kì í gòkè púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀sán gangan, ní òpin Oṣù Kejìlá, òjìji ilé tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 a máa gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 70 lọ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Bí ilé bá súnmọ́ ara wọn, ẹni tí ó wà lẹ́yìn yóò wà nínú òjìji ní gbogbo ìgbà òtútù náà. Ṣùgbọ́n irú ilé kan náà ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ kan náà àti ní wákàtí tí oòrùn ga jù, òjìji rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ. Òjìji tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sá fún ni àwa Yorùbá ń wá kiri lábẹ́ igi odán. Níhìn-ín, ooru ni ọ̀tá. Ilé tí ó súnmọ́ ara wọn níwọ̀n, tí ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbígbòòrò, a máa fi òjìji bo ara wọn.

Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá nípasẹ̀ òfin. Òfin ètò ìlú àti ìgbèríko tí ìjọba amúnisìn ṣe fún Nàìjíríà ní 1946 jẹ́ èyí tí a wò láti ara òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1932. Ṣáájú rẹ̀, òfin ti 1917 ti pín àwọn ìlú kan sí ipò mẹ́ta, Èkó nìkan ni ó sì wà ní ipò kìíní. Àwọn abúlé kò sí nínú ètò náà rárá. Ní 1924 àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó, èyí tí ó fa òfin ètò ìlú Èkó ti 1928. Òfin ti 1992 ni ó rọ́pò ti 1946. Ní 2003 ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà sì dá a pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìpínlẹ̀ ti ń ṣe òfin tiwọn láti ìgbà náà. Síbẹ̀ ohun tí ìwé ń rò ni ilé kan lórí ilẹ̀ kan, fún bàbá kan àti ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú àyè fún ọkọ̀ níwájú.

Èyí kò fara jọ agbo ilé. Nínú agbo ilé, àgbàlá wà ní àárín, àwọn yàrá sì yí i ká, olúkúlùkù pẹ̀lú ìlẹ̀kùn tirẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá tí ó lọ sí oko mọ̀ pé ojú ìyá àgbà wà lára ọmọ òun. Àgbàlá kan náà ni a ti ń lọ àgbo, tí a ti ń ṣe ìyàwó, tí a sì ti ń parí ìjà. Ẹ wá jẹ́ kí a ṣírò. Ìwọ̀n ilẹ̀ kan tí a ń tà ní Ìbàdàn a máa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Ti Èkó a máa jẹ́ 60 sí 120. Bí ìdílé 12 tí ń gbé agbo ilé kan bá fẹ́ pín sí ilẹ̀ ti Ìbàdàn, ilé nìkan yóò gba nǹkan bí éékà kan àti ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá, láìka ọ̀nà. Bí a bá ka ọ̀nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà méjì. Níbo ni ilẹ̀ náà yóò ti wá? Láti ara oko etílé ni, níbi tí àwọn obìnrin ń gbin ewébẹ̀ àti ata, tí àwọn arúgbó tí kò lè rìn jìnnà mọ́ sì ń ro.

Ohun tí ìtúká agbo ilé lè mú wá ti hàn ní Èkó. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Èkó ní 1955, a kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ilé náà mọ́, ó ní omi àti àyè. Ṣùgbọ́n Peter Marris, tí ó tẹ ìwé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1961, rí i pé ẹbí ti jìnnà sí ara wọn, pé àwọn obìnrin tí ń tajà pàdánù oníbàárà wọn, àti pé owó ọkọ̀ ti di ẹrù. Ìlú ni Èkó. Ìpalára bẹ́ẹ̀ yóò wúwo jù ní abúlé, níbi tí kò sí ẹlòmíràn tí a lè sá tọ̀ bí kò ṣe ẹbí.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun gbogbo tí àwọn baba ń ṣe ni ó dára. Yàrá tí kò ní fèrèsé, tí ènìyàn mẹ́fà sùn sí, ni ikọ́ ife ń fẹ́. Èéfín ààrò nínú ilé tí a sé pa ń pa ojú àti ẹ̀dọ̀fóró àwọn ìyá lára. Nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ìwé ìlú ńlá àti wolé-wolé àtijọ́ sọ òtítọ́: kí fèrèsé méjì kọjú sí ara wọn kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín kọjá, kí ilé ìdáná sì wà lọ́tọ̀, ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí kò béèrè ilẹ̀ púpọ̀, agbo ilé sì lè ṣe é láìtú ká.

Òfin ṣáláńgá ni ó tilẹ̀ le fún abúlé ju fún ìlú lọ, nítorí pé omi kànga ni púpọ̀ nínú abúlé ń mu. Ó kéré tán, kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga ní mítà 30, èyí tí í ṣe nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100, kí ó sì wà ní ìsàlẹ̀ kànga bí ilẹ̀ bá dagun. Kí ìsàlẹ̀ kòtò náà ga ju omi inú ilẹ̀ lọ ní mítà kan àbọ̀. Bí agbo ilé kọ̀ọ̀kan bá gbẹ́ tirẹ̀ sí orí ilẹ̀ kéékèèké láìwo ibi tí kànga aládùúgbò wà, ìwọ̀n yìí kò lè pé láé. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo abúlé gbọ́dọ̀ jùmọ̀ sọ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀nà ńlá: àyè tí ìjọba pààlà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun àríyànjiyàn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ́lé létí rẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè ní ọ́fíìsì kí ó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó ti kan páànù.

Ní ti ògiri, amọ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú. Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Bí a bá fi òkúta ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ tí ó ga kúrò nílẹ̀, tí etí òrùlé sì yọ síta dáradára, ilé amọ̀ lè pẹ́ ju ọjọ́ ayé ẹni tí ó kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ní owó díẹ̀ lè po sìmẹ́ńtì mọ́ ilẹ̀ pupa, nǹkan bí ìdá kan nínú 20, kí ó sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di bíríkì. Ìwé tí ó bá sọ pé búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì nìkan ni ilé ń ṣe òfin Essex àtijọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn abúlé Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti wá ọ̀nà kan tí ó yẹ kí a mọ̀. Láti bí 1990 síwájú, nígbà tí àwọn kọ́lékọ́lé ń fi ilé tí ó bá ẹ̀yìn odi ìlú mu kún gbogbo ìgbèríko, àwọn ará abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìlànà tiwọn. Cottenham, ní ẹkùn Cambridge, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é, ní 1994. Wọ́n rìn yí abúlé wọn ká, wọ́n ya àwòrán, wọ́n kọ ohun tí ó jẹ́ ti ibẹ̀ sílẹ̀: bí ilé ṣe kọjú sí ọ̀nà, irú bíríkì tí wọ́n ń lò, ibi tí pápá ti wọ àárín ilé. Ìgbìmọ̀ ẹkùn gba ìwé náà, ó sì ń lò ó nígbà tí ẹnikẹ́ni bá wá tọrọ àyè ilé. Òfin ti 2011 tún fi agbára kún un, tí ìgbìmọ̀ abúlé fi lè kọ ètò àdúgbò tirẹ̀, kí àwọn ará ibẹ̀ sì dìbò fún un kí ó tó di òfin.

Kò sí ohun tí ó dí abúlé Yorùbá lọ́wọ́ láti ṣe bákan náà, pàápàá níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilé ti wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Kí baálẹ̀ pe àwọn olórí agbo ilé àti àwọn ìyálọ́jà, kí wọ́n mú ọ̀dọ́ kan tí ó mọ ìwé kíkọ dáni, kí wọ́n sì rìn. Kí wọ́n kọ ibi tí kànga wà àti ibi tí ṣáláńgá wà, ojú àgbàrá tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé dí, àyè tí a ń sá kòkó sí, ọgbà ẹran, àti oko etílé tí a kò fẹ́ kí ilé jẹ tán. Kí wọ́n sọ iye ẹsẹ̀ bàtà tí yóò wà láàrin agbo ilé kan sí èkejì kí iná má ba à fò, àti bí ọ̀nà ṣe gbọ́dọ̀ gbòòrò tó kí ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn lè wọlé. Kí wọ́n mú ìwé náà tọ àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú lọ kí àwọn wọ̀nyí tó mú tiwọn wá. Kí wọ́n sì rìn lẹ́ẹ̀mejì, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò, kí wọ́n wọn omi kànga ní ìgbà méjèèjì. Nítorí pé kòtò ṣáláńgá tí a gbẹ́ ní Oṣù Kejì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹ bí eérú, omi lè ti dé àárín rẹ̀ kí Oṣù Kẹsàn-án tó parí.